Ojú Ló Ń Kọ́kọ́ Gba Bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ará Ọ̀tọ̀ àti agbègbè rẹ̀

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí èèyàn ṣe ń fi tẹ́níìsì ṣe iṣẹ́ jẹun, àti ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí nínú eré náà. Tí èèyàn bá dárúkọ tẹ́níìsì ládùúgbò wa níbí, ti orí tábìlì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ti orí pápá, eré olówó la máa ń pè é. Méjèèjì ni n ó fọwọ́ bà, ṣùgbọ́n ti orí pápá ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wa ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti ìlà ìpẹ̀kun kan sí èkejì, mítà 23.77 ni pápá tẹ́níìsì. Bí ẹni tó ń sáàfù, ìyẹn ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré, bá gbá bọ́ọ̀lù ní ìyára kìlómítà 200 ní wákàtí kan, kódà bí afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ bá dín eré rẹ̀ kù, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á. Bẹ́ẹ̀, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ojú tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n, kí iṣan tó gbéra. Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó kí èèyàn rìn dé ẹ̀gbẹ́ pápá, kó yí èjìká, kó na ọwọ́, kó sì tún ronú ibi tó fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà sí. Tí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè gba irú sáàfù bẹ́ẹ̀ rárá.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gbà á? Wọn kì í dúró de bọ́ọ̀lù. Kí okùn rákẹ́ẹ̀tì tó kan bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń ka ara ẹni tó ń sáàfù: ibi tó ju bọ́ọ̀lù sókè sí, bí ìbàdí rẹ̀ ṣe yí, bí èjìká rẹ̀ ṣe tẹ̀, ọ̀nà tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dorí kọ. Lọ́dún 1978, Jones àti Miles gbé ìwádìí kan jáde láti Wales. Wọ́n fi fíìmù ẹni tó ń sáàfù han oríṣiríṣi èèyàn, wọ́n sì ń gé fíìmù náà dúró. Nígbà mìíràn wọ́n á gé e lẹ́yìn tí ó bá gbá a, nígbà mìíràn kí ó tó gbá a pàápàá. Wọ́n wá ní kí àwọn tó ń wò ó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí. Níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ti ń méfò, àwọn kóòṣì tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ sọ ọ́ jù wọ́n lọ, láìtíì rí i kí bọ́ọ̀lù kúrò lórí rákẹ́ẹ̀tì.

Ìtàn Andre Agassi àti Boris Becker, eléré tẹ́níìsì méjì, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn jù. Becker, ọmọ Jámánì, sáàfù rẹ̀ dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà nígbà tó ń ṣeré. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, Becker ló na Agassi. Agassi wá jókòó ti fídíò, ó ń wò ó, ó ń tún un wò. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti fi eré sílẹ̀, ó tú àṣírí ohun tó rí. Ó ní bí Becker bá fẹ́ sáàfù, á yọ ahọ́n díẹ̀, ibi tí ahọ́n bá kọjú sí ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Ó ní ohun tó wá ṣòro kì í ṣe bí òun ṣe máa gba sáàfù náà bí kò ṣe bí òun kò ṣe ní jẹ́ kí Becker fura pé òun ti mọ̀. Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n pàdé lápapọ̀. Agassi ló borí nínú mẹ́wàá.

Ojú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn. Bí èèyàn ṣe ń bá oríṣiríṣi ẹni díje ló fi ń là: ẹni gíga, ẹni kúkúrú, ọlọ́wọ́ òsì, ẹni tó ń gé bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń fi òòyì gbá a. Ọmọ tó ń bá àwọn mẹ́ta kan náà gbá tẹ́níìsì láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ, ara àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n kà. Bó bá dé ibòmíràn, ojú rẹ̀ á fọ́. Kóòṣì á ní ẹsẹ̀ ọmọ náà kò yá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ìròyìn ni kò tètè dé ẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí nìyí. Agbára kò wọ́n àwọn ọmọ wa, pápá pàápàá kò wọ́n wọn tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n máa bá díje ló wọ́n wọn.

Ẹ wo Nduka Odizor. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1958, ibẹ̀ náà ló ti di rákẹ́ẹ̀tì mú. Robert Wren, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ní Àkọkà tí kò jìnnà sí wa yìí, rí i, ó sì ṣe ọ̀nà rẹ̀ dé Houston ní Texas. Yunifásítì Houston ni Odizor ti gbá tẹ́níìsì kó tó di ẹni tó ń fi í ṣe iṣẹ́. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1983, ó wọ ìdíje Wimbledon. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kò ó lójú ni Guillermo Vilas, ọmọ Ajẹntínà, tó ti gba ife French Open àti ti US Open lọ́dún 1977. Ipò kẹrin ni wọ́n to Vilas sí nínú ìdíje náà. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, 6-3, 7-5. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè ti máa wá ọ̀nà ilé. Odizor gba ẹ̀kẹta 7-6, ó gba ẹ̀kẹrin 7-5, ó sì fi 6-2 parí rẹ̀. Ìpele kẹrin ló dé kí Chris Lewis ọmọ New Zealand tó dá a dúró, Lewis yẹn náà ló sì bá John McEnroe pàdé ní àṣekágbá. Lọ́dún kan náà Odizor gba ife ní Taipei, nígbà tó di 1984 ó ti dé ipò 52 lágbàáyé. Òun àti Tony Mmoh ló ṣojú Nàìjíríà ní Seoul lọ́dún 1988, nígbà tí tẹ́níìsì padà sínú Òlíńpíìkì lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára eré tí wọ́n ń torí ẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ.

Kí ni Houston fún un tí Èkó kò lè fún un? Àwọn èèyàn máa ń sọ pé pápá tó dára, oúnjẹ, kóòṣì òyìnbó. N kò ní kí ìwọ̀nyẹn má ka nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe ń gbá tẹ́níìsì. Bí ilé ẹ̀kọ́ méjì bá pàdé, eré ẹlẹ́nìkan mẹ́fà àti eré ẹlẹ́ni-méjì mẹ́ta ni wọ́n ń gbá. Ìyẹn ni pé ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní eléré mẹ́fà ó kéré tán tó mú, ó ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wá bá a nílé, títí sáà fi parí. Ẹni tó bá fi ọdún bíi mélòó kan wà nínú irú ìyẹn, oríṣi sáàfù tí ojú rẹ̀ kò tíì rí kì í pọ̀ mọ́.

Ìgbà kan sì wà tí àgbáyé fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá sí Èkó. Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkan ti wà láti 1895. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, àwọn gbajúmọ̀ eléré wá síbẹ̀ fún ìdíje WCT (World Championship Tennis), Arthur Ashe tó gba Wimbledon ní ọdún tó ṣáájú sì wà lára wọn. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ashe àti Jeff Borowiak ló wà lórí pápá nígbà tí àwọn sójà gbé ìbọn wọlé, tí wọ́n lé eléré àti òǹwòran dà nù, pé orílẹ̀-èdè ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin ń ṣeré. Caracas ni wọ́n ti lọ parí ìdíje náà, Dick Stockton ló sì gba ife. Ìtàn ìbọn yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Èmi, ohun tí mo máa ń rò ni àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn tó ń ṣa bọ́ọ̀lù, tí wọ́n rí ọwọ́ Ashe nítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú eléré tẹ́níìsì wa, bọ́ọ̀lù ṣíṣà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́bàá àwọ̀n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ara láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí òbí kò ní gbọ́ ti òòyì bí kò bá gbọ́ ti owó. Láti oṣù Ògún ọdún 1973 ni ATP, àjọ àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹ́níìsì ṣe iṣẹ́, ti ń fi kọ̀ǹpútà to eléré sí ipò. Máàkì tí èèyàn bá gbà, ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta ló ń lò, ó ti jábọ́. Bí ọjà Òyìngbò kò ṣe mọ̀ pé ẹnì kan kò wá, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà yìí: kò bi ọ́ bóyá ara rẹ kò yá, bóyá wọn kò fún ọ ní físà, bóyá owó ọkọ̀ òfurufú ni kò sí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi ìdíje tí wọ́n ń pè ní M15. $15,000 ni gbogbo owó tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ife lọ á gbé nǹkan bí $2,160. Ẹni tó bá jábọ́ ní ìpele àkọ́kọ́, ohun tó gbà kì í tó $200, nínú rẹ̀ ni yóò sì ti san owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ. Ní US Open ọdún 2024, ẹni tí wọ́n nà ní ìpele àkọ́kọ́ gba $100,000. Eré kan náà ni o, bọ́ọ̀lù kan náà, àwọ̀n kan náà.

Ní Monastir ní Tùnísíà àti Sharm El Sheikh ní Íjíbítì, àwọn ìdíje kéékèèké yìí ń tẹ̀ lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ Tùnísíà lè jí láti ilé ìyá rẹ̀ lọ wá máàkì. Ọmọ Súrùlérè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá físà. Èkó náà ní tirẹ̀: Governor's Cup tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000, tí wọ́n wá ń pè ní Lagos Open, Oníkan kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún kò lè la ojú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku tẹ́níìsì orí tábìlì, ibi tí àwa ará Mainland ti lè yan fanda. Ẹ wò ó, kí ló dé tí Nàìjíríà fi ń rí eléré orí tábìlì tó ń lọ sí Òlíńpíìkì lemọ́lemọ́, tí ti orí pápá fi dákẹ́? Wọ́n á ní tábìlì kò wọ́nwó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Láti ọdún 1968 ni Olóyè Molade Okoya-Thomas ti gbé ìdíje tẹ́níìsì orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Aṣojú Ọba kalẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é títí Olóyè fi papò dà lọ́dún 2015. Nígbà náà, ọmọ tí kò bá rọ́wọ́ mú lọ́dún kan mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú, dáńfó á gbé e débẹ̀. Orúkọ Olóyè wà lára gbọ̀ngàn Teslim Balogun Stadium ní Súrùlérè títí di òní.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Bose Kaffo jáde ní Súrùlérè, tó lọ sí Òlíńpíìkì márùn-ún. Segun Toriola lọ sí méje, láti Barcelona 1992 dé Rio 2016. Funke Oshonaike, ọmọ Èkó, lọ sí méje bákan náà, láti Atlanta 1996 dé ti Tokyo. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé eré kan náà ni wọ́n fi gbogbo àkókò yẹn gbá. Nígbà tí Toriola bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù mìlímítà 38 ni wọ́n ń lò, máàkì 21 ni wọ́n ń gbá dé. Lọ́dún 2000, wọ́n sọ bọ́ọ̀lù di mìlímítà 40. Mìlímítà méjì péré, àbí? Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá tóbi sí i, afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́nà pọ̀ sí i, ó ń falẹ̀, òòyì rẹ̀ sì ń dín kù. Ní 2001, wọ́n sọ máàkì 21 di 11: ẹni tí ara rẹ̀ kì í tètè gbóná wọ gàù. Ní 2008, wọ́n fòfin de gọ́ọ̀mù olóòórùn tí wọ́n ń fi lẹ rọ́bà mọ́ igi, èyí tó ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ta bí ọta. Ní 2014, bọ́ọ̀lù oníke rọ́pò ti sẹ́lúlọ́ìdì, òòyì tún dín kù. Ẹni tó la gbogbo èyí já láìkúrò nínú àwọn tí orílẹ̀-èdè ń mú, ojú rẹ̀ ló gbé e là. Ọwọ́ nìkan kò tó bẹ́ẹ̀.

Òòyì tí mò ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí síwájú bó ṣe ń lọ ń fa afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ yí. Ó ń darí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè gbá bọ́ọ̀lù tagbáratagbára kọjá lórí àwọ̀n, tí kò sì ní jáde. Ẹni tó bá yí i sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù á rìn pẹ́ lójú afẹ́fẹ́, bó bá sì balẹ̀ kì í fẹ́ dìde. Àwọn ọmọ Muṣin àti Ṣómólú tó ń gbá a lójú títì lórí pákó mọ èyí láìkàwé. Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, fi í dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú World Cup ọdún 2014, ó sì tún dé irú ìpele bẹ́ẹ̀ ní Rio lọ́dún 2016. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó ti ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: òun lọ gbá a ní Portugal, Toriola lọ sí Faransé, Oshonaike lọ sí Jámánì. Ìdíje ilé ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ìdíje òkèèrè ló mú wọn wọlé.

Oòrùn wa ńkọ́? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé ọmọ Èkó kò ní rí oòrùn sá lókè òkun. Ara ń mọ́ra sí ooru lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òógùn tó ń kán sílẹ̀ ló ń tu ara, òógùn tó bá gbẹ kúrò lára ni. Afẹ́fẹ́ Èkó tí ọ̀rinrin kún inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbẹ bọ̀rọ̀. Ọmọ yóò sì máa da omi ara nù, pẹ̀lú iyọ̀, láìsí ìtura. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ má fi omi jẹ ọmọ níyà mọ́ pé kó lè le. Ẹ fún un ní omi, ẹ fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i bí eré bá máa pẹ́, ẹ sì gbé iṣẹ́ líle sí àárọ̀.

Ẹ̀rí kan kù tí mo fẹ́ mú wá. Ẹ wo Frances Tiafoe, eléré tẹ́níìsì ọmọ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà láti Sàró. Òṣìṣẹ́ ni bàbá yìí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹ́níìsì ní College Park, ní Maryland. Òun ló ń tún ibẹ̀ ṣe. Yàrá kan tó ṣófo ni wọ́n fún un, òun àti àwọn ìbejì rẹ̀ ń sùn níbẹ̀ lọ́pọ̀ òru. Kò sí owó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ mìíràn tó ń gbá tẹ́níìsì látàárọ̀ dalẹ́. Frances, ọ̀kan nínú ìbejì náà, na Rafael Nadal ní US Open lọ́dún 2022, ó sì dé ìpele mẹ́rin tó kẹ́yìn. Michael Mmoh, ọmọ Tony Mmoh tiwa, Flórídà ló ti kọ́ tirẹ̀, àsíá Amẹ́ríkà ló sì ń gbé. N kò bínú sí i. Ibi tí bàbá ti rí ẹni bá ọmọ rẹ̀ díje ló gbé e lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè mi lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ pè mí kò tóbi. Ẹ má kọ́ pápá tuntun fún wa lọ́dún yìí. Pápá wà ní National Stadium ní Súrùlérè, Rowe Park wà ní Yábà, tábìlì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland, ti Súrùlérè, ti Muṣin, àti ẹ̀yin ọlọ́jà pẹ̀lú ọmọ bíbí àdúgbò tí Ọlọ́run bù kún, ni pé kí ẹ dá ìdíje oṣooṣù sílẹ̀ láàárín ara yín, kí Ọ̀tọ̀ lọ bá Muṣin nílé, kí Yábà wá bá Ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi sínú ìwé tí kò ní sọnù, kí ẹ sì fi owó dáńfó lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọdún kan péré. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ọkùnrin kan ṣoṣo fi gbé ti Aṣojú Ọba dúró. Ẹ̀yin pọ̀ jù ú lọ.